Olùkọ́ tuntun dé ìjọ wa l'Óṣogbo: ìmọ̀ ni àbí ẹ̀tàn?

ỌmọÒkèBaálẹ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í dá sí i. Tòní kọjá ohun tí mo lè dákẹ́ sí.

Ìjọ wa kò tóbi. Agbègbè Òkè-Baálẹ̀ la wà, orúkọ la fi ń pe ara wa, kò sí àjèjì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni pásítọ̀ wa ti gba arákùnrin kan láàyè pé kó máa kọ́ wa ní Bíbélì lọ́jọ́rú. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ń dán, ó ń dárúkọ àwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìkì, ó ń ya àwòrán sójú pátákó. Àwọn ọ̀dọ́ tí a máa ń fipá fà wá tẹ́lẹ̀, àwọn ló ń ṣáájú wa dé báyìí. Pásítọ̀ fúnra wọn ń mú ìwé kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀.

Nígbà tó yá, ó ní ohun tí òun ń kọ́ wa lọ́jọ́rú, wàrà ọmọ ọwọ́ ni. Ó ní ẹran wà nínú "kíláàsì ìjìnlẹ̀" tí òun ń ṣe lálẹ́ Sátidé. Ìpele mẹ́ta ni, owó ni wọ́n sì ń san kí wọ́n tó wọ ìkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wọlé kò gbọdọ̀ sọ ohun tó gbọ́ fún ẹni tó wà níta. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í gbé inú ilé l'Óṣogbo. Ohun tó ń jáde síta ni pé àwọn lẹ́tà Pọ́ọ̀lù wà fún àwọn tí ojú wọn kò tíì là. Pé Jésù kọ́ àwọn díẹ̀ ní àṣírí tí kò sí nínú Bíbélì. Pé inú ọkàn ni òṣì ń gbé, ẹni tó bá ń fojú olówó wo ara rẹ̀, ayé á gbọ́ sí i lẹ́nu. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn rí.

Màmá mi ti wọ ìpele kejì. Owó àjọ tí wọ́n kó, tó yẹ kí wọ́n fi kó ọjà, òun ni wọ́n san. Èyí tó lé mi síta ni pé mo dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn nínú páálí bí mo ṣe rà á, wọn ò já a. Wọ́n ní àwọn ti kọ àìsàn lọ́kàn.

Mo bá alàgbà kan sọ ọ́. Wọ́n ní kí n ṣọ́ra, kí n má fọwọ́ kan ẹni àmì òróró Ọlọ́run.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Kí la fi ń mọ̀ bóyá olùkọ́ èké lèèyàn, tàbí ó kàn kàwé jù wá lọ ni? Báwo ni mo ṣe máa bá màmá sọ ọ́ tí kò ní dìjà?

Nọ́ọ̀sìÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí Bíbélì, ẹ jẹ́ ká yanjú ti oògùn.

Àbúrò, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti gbà pé ó ti lọ. Màmá kò ní mọ nǹkan kan lára, títí ọjọ́ tí ẹnu á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí tí ọwọ́ kan ò ní gbé sókè mọ́. Oríṣi oògùn kan sì wà nínú wọn tó jẹ́ pé béèyàn bá ṣíwọ́ ẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ á fò sókè ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Má bá wọn jiyàn nípa kíláàsì kankan báyìí. Sọ pé: "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín ká lè mọ ibi tó dé." Wíwọ̀n kì í ṣe àìgbàgbọ́, kò sí ìyá tó máa bá ọ jà lórí ìyẹn. Bí ẹ̀rọ bá kà 180 lórí 120 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ọsibítù ló kàn lọ́jọ́ náà. Bí orí fífọ́ burúkú, àyà dídùn, ojú ṣíṣú tàbí ẹnu wíwọ́ bá wà pẹ̀lú ẹ̀, ẹ má dúró tún nǹkan kan wọ̀n, ẹ gbé wọn lọ ní kíákíá. Bó bá sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣíwọ́, ẹ má kàn dá a padà fúnra yín, ẹ jẹ́ kí dókítà tún un wò.

Ẹ lè padà sórí Pọ́ọ̀lù báyìí.

Alákòóso

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má dárúkọ ìjọ tàbí ẹnikẹ́ni níbí, ẹ má sì fi àwòrán ẹnikẹ́ni sí i. Ẹni tó kọ̀wé pé kí a lọ kọ́kọ́ lé Ọ̀ṣun kúrò l'Óṣogbo kí a tó sọ̀rọ̀ olùkọ́ èké, mo ti yọ ọ́. Oníjọ ló bèèrè ọ̀rọ̀ nípa ìjọ tirẹ̀. Ẹ dáhùn ohun tó bèèrè.

TíṣàFẹ̀yìntì

Ọmọ mi, o ṣeun. Ìmọ̀ Bíbélì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama títí mo fi fẹ̀yìn tì, torí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, kí ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Kíkàwé kì í ṣe àmì olùkọ́ èké. Oníṣègùn ni Lúùkù tó kọ ìwé Ìhìn Rere, Pọ́ọ̀lù pè é bẹ́ẹ̀ ní Kólósè 4:14. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé Áténì, ọ̀rọ̀ àwọn akéwì Gíríìkì ló fi bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ lọ wo Ìṣe 17:28. Ẹni tó bá ní "ọgbọ́n ayé" ni ìwé kíkà, ọsibítù àti yunifásítì, kò tíì ka Kọ́ríńtì kìíní dé ìdí. Ohun tó ń da àwọn ará Kọ́ríńtì láàmú ni pé wọ́n ń fi ẹnu dídùn díwọ̀n èèyàn, wọ́n sì ń pín ara wọn sẹ́yìn olùkọ́: "èmi ti Pọ́ọ̀lù", "èmi ti Àpólò". Ẹni tó bá fi ipele mẹ́ta pín ìjọ, ẹran lọ́tọ̀, wàrà lọ́tọ̀, iṣẹ́ àwọn ará Kọ́ríńtì ló ń ṣe. Ṣé ẹ sì rí ọ̀rọ̀ wàrà yẹn? Pọ́ọ̀lù sọ ìdí tí wọ́n fi ń mu wàrà ní orí kẹta: owú àti ìjà wà láàárín wọn. Kò sọ pé àṣírí kan ló kù tí wọn ò tíì gbọ́.

Ẹ wo Àpólò alára. Ìṣe 18 sọ pé ọ̀mọ̀wé ni, ará Alẹkisáńdíríà, ó já fáfá nínú ìwé mímọ́, ẹnu rẹ̀ sì gbà á. Àwọn tó gbọ́ ọ nínú sínágọ́gù tí wọ́n rí i pé nǹkan kù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni Pírísílà àti Ákúílà, tọkọtìyàwó tó ń pàgọ́ tà. Wọ́n pè é sọ́dọ̀, wọ́n là á yé e, ó sì gbà. Ẹnu ọ̀mọ̀wé gbà pé kí alágọ̀ọ́ kọ́ òun! Ohun tí màá fi dán olùkọ́ yín wò nìyẹn ká ní mo wà níbẹ̀: kí aláìkàwé kan dìde lọ́jọ́rú, kó bi í ní ìbéèrè, ká wo ojú rẹ̀.

Ti àṣírí wá kù. Àwọn ará Kólósè, ìlú kan lẹ́bàá Laodíkíà ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tọ́kì lónìí, irú olùkọ́ yìí ló wọlé tọ̀ wọ́n. Epáfírásì ló kọ́kọ́ wàásù fún wọn, àwọn kan wá ń sọ pé èyí tí wọ́n gbọ́ kò tó. Ẹ̀yin náà mọ orí 2:8, níbi tó ti kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má fi ìmọ̀ asán kó wọn nígbèkùn. Ohun tí àwọn èèyàn kì í kà ni òpin lẹ́tà náà: ó ní bí wọ́n bá ti kà á tán láàárín wọn, kí wọ́n gbé e lọ kà ní Laodíkíà. Gbogbo ìjọ ni kí wọ́n kà á sí létí, ọlọ́jà, ẹrú, ọmọdé. Kò sí ìpele kejì.

Ẹni tó bá sì sọ pé àwọn àpọ́sítélì ní ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n fi pamọ́, wọ́n ti dá a lóhùn tipẹ́. Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù Lyon ní ilẹ̀ Faransé, kọ̀wé sí irú wọn nǹkan bí ọdún 180. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn: ká ní àwọn àpọ́sítélì ní àṣírí kankan, àwọn tí wọ́n fi ìjọ lé lọ́wọ́ ni wọn ì bá kọ́kọ́ fi hàn. Ta ni ẹ bá fi ilé yín sílẹ̀ fún, tí ẹ máa wá fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ fún un?

Ọ̀dọ́Ayétòrò

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Mo wà nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan náà. Ìpele kìíní ni mo wà.

Ẹ ò bèèrè ìdí tí a fi ń lọ. Nílé ìjọ tí mo dàgbà sí, bí mo bá bèèrè pé báwo ni Kéènì ṣe rí ìyàwó, wọ́n á ní ẹ̀mí àìgbàgbọ́ wà lára mi. Bàbá tó ń kọ́ wa yìí jókòó, wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n ò bínú. Èyí tí ẹ ń pè ní àṣírí, ṣé Máàkù 4:34 kò sọ pé Jésù máa ń ṣàlàyé gbogbo nǹkan fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ níkọ̀kọ̀ ni?

TíṣàFẹ̀yìntì

Ìbéèrè gidi nìyẹn, mo sì dúpẹ́ pé o bi mí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣàlàyé fún wọn níkọ̀kọ̀. Wá ka Mátíù 10:27 mọ́ ọn: ohun tí mo bá sọ fún yín nínú òkùnkùn, ẹ sọ ọ́ nínú ìmọ́lẹ̀, èyí tí ẹ gbọ́ sí etí, ẹ kéde rẹ̀ lórí ilé. Nígbà tí àlùfáà àgbà bi í nípa ẹ̀kọ́ rẹ̀ lóru tí wọ́n mú un, Jòhánù 18:20, ó ní gbangba lòun ti bá ayé sọ̀rọ̀, òun ò sọ nǹkan kan níkọ̀kọ̀, kó lọ bi àwọn tó gbọ́. Àwọn tí Jésù ṣàlàyé fún, iṣẹ́ ló rán wọn pé kí wọ́n lọ pín in kiri. Kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Pétérù.

Nípa àwọn tó lé ọ dànù torí ìbéèrè Kéènì, òótọ́ lo sọ, wọn ò ṣe é dáadáa. Àwọn àgbà ìjọ tí kì í dáhùn ìbéèrè ni wọ́n ń gbálẹ̀ fún irú olùkọ́ yìí. Mo tún un sọ, kí àwọn alàgbà tó ń ka èyí gbọ́.

ẸniÀánú

Ẹ̀yin oníwèé, ẹ rọra o. Bàbá Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìsọjí ayé ọjọ́un, kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì kankan. Awakọ̀ ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà fún ìjọba ni wọ́n nígbà tí ìpè dé ní 1928. Àwọn kan pè wọ́n ní èké, ìjọba amúnisìn jù wọ́n sẹ́wọ̀n ní Bìní ní 1932. Àwọn bàbá wa nígbà náà ò sì lo oògùn. Ṣé àwọn náà ni ẹ máa pè ní olùkọ́ èké?

ÌyáÌbejìÒkèFìà

Ẹ̀gbọ́n ẸniÀánú, a dúpẹ́ pé ẹ dárúkọ bàbá, torí àpẹẹrẹ tí ẹ mú wá, ẹ̀yìn wa ló wà. Ìlú Ẹdẹ tó kángun sí wa níbí ni bàbá yẹn ti sùn ní 1959, ọ̀pọ̀ àgbà níbí mọ ìtàn wọn. Ìsọjí Òkè-Oòyè n'Íléṣà ní 1930, ìta gbangba ni wọ́n ti ṣe é, ojú gbogbo ayé, Mùsùlùmí, abọ̀rìṣà, onígbàgbọ́. Ta ni wọ́n ní kó sanwó ìpele kejì kó tó mu omi ìyè? Bàbá tún lọ fi ara wọn sábẹ́ àwọn àgbà: ní 1929 ni wọ́n darapọ̀ mọ́ Faith Tabernacle, wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn yẹ ìpè wọn wò.

Ti oògùn, òótọ́ ni pé wọn ò lò ó. Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn náà tán. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church, ìjọ tí àwọn bàbá wá bá dà pọ̀, dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará wa rí i pé wọ́n ń lo kuníìnì kí ibà má bàa pa wọ́n. Àríyànjiyàn ńlá ni. Ó wà lára ohun tó fa ìyapa nǹkan bíi 1940, àwọn tó jáde ló di CAC, ìjọ Christ Apostolic Church. Iwájú gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n ti jiyàn, lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀, kálukú dúró síbi tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ wà. Èmi ò gbà pẹ̀lú àwọn bàbá lórí kuníìnì, ibà ti pa èèyàn púpọ̀ jù lójú mi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ̀nà ẹ̀yìn yọ oògùn lọ́wọ́ opó lálẹ́ Sátidé.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀, wá gbọ́ ti ẹni àmì òróró yẹn. Sáàmù 105 ni. Ka ẹsẹ kejìlá lọ sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ọba ni Ọlọ́run ń bá wí pé kí wọ́n má pa Ábúráhámù, Ísáákì àti Jékọ́bù lára nígbà tí wọ́n ń rìn kiri láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Ẹni tó lágbára ló ń kìlọ̀ fún nítorí aláìlágbára. Àwa tá a wá fi ń dá opó àti ọmọdé lẹ́kun ìbéèrè, a ti dorí ẹsẹ yẹn kodò. Dáfídì tó sọ pé òun ò ní fọwọ́ kan Sọ́ọ̀lù, ó jáde nínú ihò àpáta, ó kígbe pè é, ó sì ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i létí lójú àwọn ọmọ ogun! Pọ́ọ̀lù náà ta ko Pétérù lójúkojú ní Áńtíókù. Alàgbà yín mọ èyí. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Ní ti màmá, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Má lọ sọ pé "olùkọ́ yín, olè ni." Wọ́n á gbèjà rẹ̀, torí wọ́n ti sanwó. Ẹni tó ti sanwó kì í fẹ́ gbọ́ pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ, ìtìjú ni. Jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀fọ́, bi wọ́n pé kí ni wọ́n kọ́. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn. Bí wọ́n bá ní àwọn ò gbọdọ̀ sọ, bi wọ́n pé: "Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ mi ní Bíbélì láti kékeré, èwo nínú ẹ̀ lẹ fi pamọ́ fún mi rí?" Dákẹ́ síbẹ̀. Má tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ náà.

Bi wọ́n náà bóyá nǹkan kan ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Àwọn ìyá wa kì í kàn ṣàdédé lọ síbi ìpele. Gbèsè lè wà níbẹ̀, tàbí ọmọ tí kò ríṣẹ́.

AlárọÒṣogbo

Mùsùlùmí ni mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lé mi. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi ìjíròrò yìí ránṣẹ́ sí mi. Àwa náà ní tiwa, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi orúkọ ààfáà gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá fún "àṣírí" tí kò sí nínú Kùránì. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ sí aṣọ tí aró rẹ̀ kò dì mọ́ ọn: bó ti wù kó dán tó lọ́jà, omi àkọ́kọ́ ló máa sọ ọ́. Ẹ da omi sí i lára. Ẹ bi í ní ìbéèrè.

Akọ̀wéÌṣirò

Owó ni iṣẹ́ mi, torí náà owó ni mo máa sọ.

Ẹ lọ ka 2 Kọ́ríńtì 8:18 sí 21. Pọ́ọ̀lù ń kó owó ìrànwọ́ lọ fún àwọn òtòṣì Jerúsálẹ́mù. Kò dá kó o. Títù wà níbẹ̀, arákùnrin kan tí àwọn ìjọ fúnra wọn yàn wà níbẹ̀, ó sì sọ ìdí rẹ̀ gbangba: kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wí sí wọn lórí owó. Bí Pọ́ọ̀lù bá gbà kí wọ́n ṣọ́ òun, olùkọ́ Sátidé ńkọ́?

Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọ bèèrè ni: àpò ta ni owó ìpele ń wọ̀, ti ìjọ tàbí tirẹ̀? Ṣé wọ́n ń fún èèyàn ní risíìtì? Ṣé akápò ìjọ mọ iye rẹ̀? Bó bá jẹ́ àkáǹtì tirẹ̀ ni àwọn èèyàn ń fi owó ránṣẹ́ sí láti orí fóònù, ọ̀rọ̀ ti parí lọ́dọ̀ mi, òwò ló ń ṣe nínú ilé ẹlòmíràn.

Ẹ tún lè wo bóyá ẹgbẹ́ tó ní òun ń ṣojú fún wà lórí ìwé àwọn CAC. CAC ti ìjọba ni mò ń wí o, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe CAC ti Bàbá Babalọlá, kí ẹ má bàa lọ kan ilẹ̀kùn pásítọ̀ onípásítọ̀. Orí íkànnì wọn ni wọ́n ti ń wá orúkọ. Àmọ́ wíwà lórí ìwé CAC kò sọ ẹ̀kọ́ ẹnikẹ́ni di òtítọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi sábẹ́fíkéètì dí yín lójú.

Kò sì sí ohun tó burú nínú kí ìjọ fún olùkọ́ lóúnjẹ. Ìwé kékeré kan wà tí àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ ń lò, Dídákè, tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sọ pé ó ti wà láti òpin ọ̀rúndún kìíní tàbí ìbẹ̀rẹ̀ èkejì. Ó ní olùkọ́ òtítọ́ tó bá fẹ́ bá yín gbé yẹ fún oúnjẹ rẹ̀. Ìwé náà tún sọ pé àpọ́sítélì tó ń kọjá lọ, ẹ gbà á bí Olúwa. Ọjọ́ kan ni kó lò, méjì bó bá di dandan. Bó bá lo mẹ́ta, wòlíì èké ni. Bó bá ń lọ, oúnjẹ ọ̀nà ni kẹ́ ẹ fún un; bó bá bèèrè owó, wòlíì èké ni. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni wòlíì tó bá wà nínú ẹ̀mí tó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀, tó sì jókòó jẹ nínú ẹ̀. Wọ́n ní èké ni. Àwọn Kristẹni ayé ìgbà náà ti rí nǹkan.

Ọ̀dọ́Ayétòrò

Ọ̀gá, àkáǹtì tiwọn ni o.

TíṣàFẹ̀yìntì

Kí n fi ọ̀kan kún ti owó. Marcion, olówó ọkọ̀ ojú omi kan, dé Róòmù, ó sì fi ọrẹ ńlá ta ìjọ lọ́rẹ, igba ẹgbẹ̀rún sẹ́sítẹ́sì, owó Róòmù, gẹ́gẹ́ bí Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni àtijọ́ kan, ṣe sọ. Lẹ́yìn náà ó ní Ọlọ́run Májẹ̀mú Láéláé kì í ṣe Bàbá Jésù, ó gé ìwé Lúùkù kúrú, ó ju àwọn Ìhìn Rere yòókù nù. Nǹkan bí ọdún 144 ni ìjọ yọ ọ́. Wọ́n dá gbogbo owó rẹ̀ padà fún un. Ẹ jẹ́ kí àwọn alàgbà wa ro ìyẹn wò, pàápàá tó bá jẹ́ pé olùkọ́ yẹn ti ra jẹnẹrétọ̀ fún ìjọ.

ỌmọÒkèBaálẹ̀

Sà, báwo lẹ ṣe mọ̀? Gbohùngbohùn ni, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀. Tuntun ni. Mo sì rò pé ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn alàgbà dákẹ́.

ẸniÀánú

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. N kò gbà pẹ̀lú Ìyá Ìbejì lórí kuníìnì, ìgbàgbọ́ mi nìyẹn. Àmọ́ owó ìpele, n ò rí ibi tí màá tì í sí. Èlíṣà kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ Náámánì. Géhásì tó sáré tẹ̀ lé e lọ gbowó, ẹ̀tẹ̀ ló gbé wálé. Ọmọ, mú màmá rẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀. Mo ní kí o lọ.

ỌjàỌba_Aláṣọ

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ "fojú olówó wo ara rẹ". Ìgbà MMM, ètò tí wọ́n ní á sọ owó di púpọ̀, a gbọ́ irú ẹ̀ lórí pẹpẹ: ẹni tó bá bẹ̀rù kò ní ìgbàgbọ́, owó yín á di púpọ̀ lóṣù kan. Oṣù Kejìlá 2016, wọ́n ti ìlẹ̀kùn owó pa. CBEX, irú ètò bẹ́ẹ̀, tún dé, òun náà wó ní oṣù Kẹrin 2025. Èmi ò mọ Gíríìkì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bá ti ń dún bí ọ̀rọ̀ oníMMM, kí n mú báàgì mi.

ÌyáÌbejìÒkèFìà

😂 Ọmọ Ọjà Ọba! Àmọ́ ìdí ọ̀rọ̀ lo wà yẹn. Ọgbọ́n ayé tó ń wọ ìjọ lónìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́gbọ́n Gíríìkì kankan, ọgbọ́n ọjà ni: fi sílẹ̀ kí o gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí kò rí gbà ni kò fi tó. Òtòṣì á wá ru ẹrù méjì, òṣì àti ẹ̀bi òṣì. Pọ́ọ̀lù tó kọ̀wé láti inú ẹ̀wọ̀n, ṣé kò mọ bí wọ́n ṣe ń ro èrò olówó ni?

Ọ̀dọ́Ayétòrò

Ìyẹn lohun tí mo bi wọ́n ní Sátidé àná, mà. Mo ní tí òṣì bá jẹ́ ti ọkàn, kí ni ká sọ nípa Jésù tí kò níbi tó máa gbé orí rẹ̀ lé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní màá lóye rẹ̀ ní ìpele kẹta. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí n jáde.

TíṣàFẹ̀yìntì

Ẹ rí i.

ỌmọÒkèBaálẹ̀

Ẹ kú àdúró o. Ẹ ṣeun púpọ̀, pàápàá Nọ́ọ̀sì.

A wọn ẹ̀jẹ̀ màmá. Ó ga, àmọ́ kò dé ibi tí ẹ sọ. Dókítà tún oògùn náà tò, ó ní kí a padà wá. Wọ́n ń lò ó báyìí, wọ́n ní nítorí tèmi làwọn ṣe ń lò ó. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà nídìí ẹ̀, Ìyá Ìbejì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí bí ẹ ṣe wí. Àbúrò mi ọkùnrin ni. Ó ti parí ìwé, kò ríṣẹ́. Wọ́n ní olùkọ́ sọ pé ìpele kẹta ló máa ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. N ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo lọ bá pásítọ̀ fúnra wọn, èmi àti àwọn ìyá méjì. Mo lo ọ̀rọ̀ Àpólò. A ní àwa ò fẹ́ lé ẹnikẹ́ni, pé kí àwọn alàgbà méjì kàn jókòó sínú kíláàsì Sátidé kí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ. Pásítọ̀ rò ó títí, wọ́n gbà. Wọ́n rán sí i. Ó ní àwọn alàgbà kò tíì ní ìpele tí wọ́n fi lè wọlé. Pásítọ̀ ní kò burú, ẹni tí alàgbà ìjọ kò lè jókòó gbọ́, kó wá gbọ̀ngàn mìíràn.

Àwọn kan bá a lọ. Wọ́n ń ṣe é nílé ẹnì kan lójú ọ̀nà Ìkìrun báyìí. Màmá ò tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń bínú sí mi díẹ̀, wọn ò sì tíì rí owó wọn gbà.

Akọ̀wéÌṣirò

Jẹ́ kí màmá kọ ọ́ sílẹ̀: iye tí wọ́n san, ọjọ́ tí wọ́n san án, àkáǹtì tí wọ́n san án sí. Kí o tẹ àkọsílẹ̀ àkáǹtì jáde ní báǹkì. Kí àwọn tó kù tó sanwó ṣe bẹ́ẹ̀ náà, kí ẹ bèèrè owó yín padà pọ̀ nínú lẹ́tà kan ṣoṣo, kí pásítọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín. Ẹ má lọ sílé rẹ̀ lọ jà.

Ọ̀dọ́Ayétòrò

Mo ní àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ìpele kìíní. Mo bá wọn mulẹ̀ pé n kò ní fi han ẹnikẹ́ni. Ṣé kí n fún pásítọ̀?

ÌyáÌbejìÒkèFìà

Ọmọ mi, kí lo ṣe ìlérí fún, ẹ̀kọ́ Jésù ni àbí nǹkan mìíràn? Bó bá jẹ́ ti Jésù, kò sí ohun tí a ń fi pamọ́ nínú ẹ̀. Gbé e lọ bá pásítọ̀ lọ́sàn-án gangan, kí alàgbà kan wà níbẹ̀. Kí o sì béèrè ìbéèrè Kéènì rẹ níbẹ̀, kí wọ́n dá ọ lóhùn kí o tó dìde.